Ààwẹ̀ Bísíkíìtì Fífọ́

Òórùn bísíkíìtì ni òórùn Ìkẹjà nígbà tí mò ń sọ yìí. Bí wọ́n bá ti tan ààrò ilé-iṣẹ́ wa láàárọ̀, tí atẹ́gùn sì fẹ́ díẹ̀, òórùn bọ́tà àti ṣúgà tó ń yan á gba gbogbo àdúgbò, á wọ ọ́fíìsì, á wọ ṣọ́ọ̀ṣì, á bá àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ létí títì, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹun. Ẹni tó ń kọjá lọ á fa imú, á ní, "Àwọn ará ibí yìí mà ń jayé o." Èmi tí mo wà nínú òórùn náà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó ti wọ irun mi, tó ti wọ aṣọ mi débi pé èèrà máa ń tẹ̀ lé mi dé orí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni dókítà ní kí n má fi nǹkan dídùn kan ẹnu mọ́. Ẹ ò rí i pé ayé yìí máa ń fi èèyàn ṣeré?

Ìdí bẹ́líìtì, ọ̀já ẹ̀rọ tó ń gbé bísíkíìtì kọjá, ni iṣẹ́ mi wà. Bí bísíkíìtì bá ti ń jáde láti inú ààrò, àwa obìnrin á dúró ní ọ̀tún àti òsì, a ó máa kó èyí tó pé sínú ìwé ìdì, a ó máa ju èyí tó fọ́ sínú garawa. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á pín àwọn tó fọ́ yẹn fún òṣìṣẹ́, ọ̀rá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ mú ègé kan kọjá géètì. Kí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ológun, tó dé, a kì í ka ọ̀rá yẹn sí, àwọn ọmọ àdúgbò la máa ń dà á fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú, tí owó oṣù di ẹ̀kọ gbígbóná tí kì í pẹ́ lọ́wọ́, tí búrẹ́dì Agége pàápàá rù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn nínú ibà, bísíkíìtì fífọ́ di nǹkan ńlá. Oúnjẹ àárọ̀ ni fún ẹlòmíràn, oúnjẹ alẹ́ ni fún ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi nílé ní Èkìtì, ọkọ mi wà ní Kàdúná níbi tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà mo máa ń tọ́jú tèmi títí tí mo bá rí ẹni tó ń lọ sílé, kí n fi rán àwọn ọmọ.

Agége ni mo ń gbé, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Àlájà kan ló ni ilé náà, opó ni, ọmọ Àwórì pọ́ńbélé, lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló kọ́ ọ sí. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan tó jẹ́ tíṣà ni wọ́n jọ ń gbé apá iwájú, èmi wà lẹ́yìn. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ìkíni nìkan ló wà láàárín wa. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ó tán. Ohun tó sọ wá di ọ̀rẹ́ nìyí: ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ilé ìwòsàn ìjọba, mo mú ìgò ìtọ̀ mi dání, mo sì fi ìborùn bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Obìnrin kan wá jókòó tì mí, òun náà fi ìborùn bo nǹkan kan. Mo wò ó, ó wò mí. Àlájà mi ni!

Ó ní, "Ìwọ ará Èkìtì! Ìwọ náà?"

Mo ní, "Èmi náà ni, Àlájà."

A bú sẹ́rìn-ín débi pé ìtọ̀ fẹ́ẹ̀ dà nù. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe àwa méjèèjì, a jọ ń gbé inú ilé kan, a sì ti ń fi í pa mọ́ fún ara wa. Láti ọjọ́ náà ni Àlájà ti sọ mí di àbúrò. Bí ó bá ti kírun Àsùbáà tán, á ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, á nawọ́ sí yàrá mi, á pariwo pé, "Ará Èkìtì! Kí lo jẹ lánàá?" Kò ní kí mi ná, kò ní bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ohun tí mo jẹ lánàá ló fẹ́ gbọ́, èmi náà á sì bi í padà. Bí ẹnì kan nínú wa bá ń kólòlò, ó ti jẹ nǹkan tí kò yẹ nìyẹn.

Ẹ̀wà ni wọ́n ní ká máa jẹ, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ àti ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Wọ́n ní ká jìnnà sí gààrí, ká jìnnà sí búrẹ́dì, ká má tilẹ̀ wo ibi tí ṣúgà wà, a ò sì gbọdọ̀ pa oògùn jẹ láé. Ti oògùn kò nira fún wa. Ti oúnjẹ ló le. Ẹ̀wà ti gbówó lórí, ó sì ti sú wa. Àlájà a máa ti àwo sẹ́yìn, á ní, "Ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀wà lálẹ́, ṣé ẹṣin ni wọ́n fi mí pè ni?" Bí a bá wá ṣìṣe, tí a dé ilé ìwòsàn tí àwọ̀ ìtọ̀ wa sì yí padà nínú ìgò àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń dé ojú títì. Lójú gbogbo èèyàn ló ti ń sọ ọ́. "Màmá, ẹ fẹ́ kú ni? Ẹ lọ kú sílé, ẹ má wá fi àkókò wa ṣòfò!" Mo ti rí bàbá arúgbó kan tó ń sunkún lórí bẹ́ńṣì yẹn, torí pé ó mu ògì tí wọ́n fi ṣúgà sí nílé ìkómọ. Kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù nọ́ọ̀sì náà nínú wa, títí kan Àlájà tí kì í bẹ̀rù ṣọ́jà.

Ìbẹ̀rù yẹn ló mú kí Àlájà ronú kan ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nínú Ràmàdáánì, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù tàbí tó wà lórí àìsàn lè jẹun, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti kọjá, á gbààwẹ̀ padà ní iye ọjọ́ tó jẹ. Gbogbo obìnrin Mùsùlùmí ló mọ̀ ọ́n, láti ìgbà ọmọge wọn ni wọ́n ti ń san án. Àlájà mú òfin yìí, ó gbé e wọ inú àtọ̀gbẹ. Ó ní, "Ọlọ́run tó dá ààwẹ̀ náà ló dá ara. Ohun tí o bá jẹ ní ọjọ́ tí kò yẹ, gbààwẹ̀ ọjọ́ kan dí i. Bó o bá ti san án, kí ni ṣúgà tún fẹ́ rí mú lára rẹ?" Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ààwẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí. Ó mọ́gbọ́n dání ju ẹ̀wà lọ.

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ní ọjọ́ kejì tí a bá ṣìṣe, Àlájà á kan ilẹ̀kùn mi ní àkókò sààrì. Kò sí sààrì jíjẹ, nítorí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Oògùn nìkan ni, nítorí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ pa á jẹ, omi ewúro kíkorò la ó sì fi gbé e mì, kí ó lè "fọ ẹ̀jẹ̀". Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan tó gbọdọ̀ kan ẹnu títí Mọ̀gàríbì. Ní ọ̀sán, ara wa á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, òógùn á máa bò wá. Àlájà á fi ìka nu òógùn iwájú orí rẹ̀, á fi hàn mí tayọ̀tayọ̀. "Wò ó, ṣúgà ló ń jáde yẹn." Mo gbà á gbọ́. Ṣé mo lè bá Àlájà jiyàn, nígbà tí ìtọ̀ wa sì ń dára lọ́jọ́ ilé ìwòsàn?

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà gbẹ̀mí. Ìtọ̀ wa tún yí àwọ̀ padà nígbà tí a lọ kẹ́yìn, dókítà sì ti fi kún oògùn àwa méjèèjì. Ọ̀rá bísíkíìtì ọjọ́ Jímọ̀ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, òjò ń rọ̀, Àlájà wá jókòó lọ́dọ̀ mi, a ń sọ̀rọ̀ ìlú. Lójijì, ó fa imú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Ti àwọn ọmọ mi ni, Àlájà. Ẹ má wò ó."

"Mi ò wò ó. Imú mi ni."

Èyí tí wọ́n fi kírímù sáàárín pọ̀ nínú ọ̀rá náà lọ́sẹ̀ yẹn. A ní ẹyọ kan ò lè pa èèyàn. A mú ẹyọ kan. A ní òjò ló jẹ́ kí ebi máa pa wá. Nígbà tí òjò fi dá, ìyẹ̀fun ló kù ní ìsàlẹ̀ ọ̀rá, Àlájà sì da ìyẹn sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa, bí àwọn ọmọdé tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí ojú Àlájà fi yí padà. Ó ní, "Ọjọ́ ilé ìwòsàn kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀la la ó san án." Ó mú ọ̀rá òfìfo náà lọ́wọ́, ó ní òun á lọ fi í pamọ́ kí ọmọ òun má baà rí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, a gbé oògùn wa mì, a mu ewúro wa, a dágbére, mo gba ibi iṣẹ́ lọ.

Oòrùn ò tíì dé àtàrí tí ara mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró nídìí bẹ́líìtì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ń fọ́ èyí tó pé. Òógùn tútù ń ṣàn lẹ́yìn mi, mo ní nínú ọkàn mi pé ṣúgà ló ń jáde. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Bẹ́líìtì náà di méjì lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi tó dúró sí òdìkejì ń bá mi sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ebi kan wá mú mi, ebi tí mi ò mọ irú rẹ̀ rí láyé, bí ẹni pé inú mi fẹ́ gbé mi mì. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wọ inú garawa. Mo ń kó bísíkíìtì fífọ́ sẹ́nu, mò ń jẹ ẹ́, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wa ń kọjá, ó rí mi, ó kàn mi orí. Ó rò pé Sáàpù ló ń bá mi jà.

Mo jókòó sórí páálí kan, mo ń dúró kí ikú dé. Ohun tí wọ́n ti sọ fún wa ni pé ṣúgà ló ń pa alátọ̀gbẹ, èmi sì ti jẹ ṣúgà lórí ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mo ti ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Dípò kí ikú dé, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n mọ́. Òógùn gbẹ. Bẹ́líìtì di ẹyọ kan padà, ohùn ọ̀rẹ́ mi sì di ọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé, "Ojú ẹ ti yí padà. Kí ló ṣe ọ́?" Ẹnu yà mí, kò sì padé. Bó bá jẹ́ pé ṣúgà tó pọ̀ jù ló ń yọ mí lẹ́nu, báwo ni ṣúgà ṣe tún wò mí sàn?

Mo jókòó níbẹ̀ tí mò ń rò ó, ni àyà mi bá já. Àlájà! Oògùn kan náà, ewúro kan náà, ààwẹ̀ kan náà. Àlájà sì dàgbà jù mí lọ, ó tún jẹ́ ẹni tí kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Bó bá rí bísíkíìtì níwájú rẹ̀ lójú ààwẹ̀, á kọjú sí ògiri.

Mo bẹ ọ̀gá wa, mo ní ara mi ò yá, ó ní kí n máa lọ. Mo bu bísíkíìtì sínú ìborùn mi, àwọn aṣọ́bodè tú u yọ ní géètì, wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ́ la wà. Kò sí àkókò láti bá wọn jà. Epo ti wọ́n ní Èkó lọ́sẹ̀ náà, ọkọ̀ ò sí lójú títì, àfi èrò bí eṣú. Mo gba ojú irin. Mo ń rìn, mo ń sáré, mo ń rìn, láàárín àwọn tó ń ta ọjà lórí irin àti àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí. Mo ń sọ ọ́ lẹ́nu bí orin pé, "Àlájà, ẹ ba ààwẹ̀ jẹ́. Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ba ààwẹ̀ jẹ́." Àwọn tó ń kọjá rò pé mo ti ya wèrè.

Mo dé ilé, mo gbọ́ ẹkún láti ìta. Àwọn tíṣà ń yanṣẹ́ lódì nígbà náà, nítorí náà ọmọbìnrin Àlájà wà nílé. Ó ní ìyá òun ń kírun Ayilà, ó foríbalẹ̀, kò dìde. Òun kọ́kọ́ rò pé àdúrà ló gùn. Nígbà tó pẹ́ jù, òun fọwọ́ kàn án, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wo Àlájà lórí ẹní. Òógùn ti rẹ aṣọ ìkírun rẹ̀ jìnwìnnì. Ojú rẹ̀ là, kò rí wa. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń pe orúkọ ẹni tó ti kú. Ọmọbìnrin náà gbé orí rẹ̀ lé itan, ó mú ife ewúro dání, ó ń kán an sí i lẹ́nu. Ọ̀rá bísíkíìtì òfìfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Ó fi ọ̀rá náà hàn mí. "Àǹtí, ẹ wo ohun tí mo rí lábẹ́ tìmùtìmù wọn! Ṣúgà ti gorí wọn."

Mo ní, "Má fún wọn ní ewúro mọ́! Ṣúgà ni kí o fún wọn."

Ó wò mí bí ẹni tó rí ejò. "Ẹ ní kí ni?"

Kò sí ẹyọ ṣúgà kan nínú ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ jáde ní ọjọ́ tí a sọ fún un nípa àìsàn ìyá rẹ̀. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, mo ra mínírà, mo ṣí i, mo sáré wọlé padà. Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ fi kan ètè Àlájà. Ọmọbìnrin náà gbá a lọ́wọ́ mi, ìgò náà lu sìmẹ́ńtì, ó fọ́ yángá. Mínírà ń hó lórí ilẹ̀. Ó ń pariwo pé, "Ẹ fẹ́ pa màmá mi! Ẹ̀yin lẹ fún wọn ní bísíkíìtì, ẹ tún fẹ́ fi mínírà pa wọ́n!" Gbogbo ilé ń wò mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ara mi sọ fún mi lórí páálí nìkan ni mo mọ̀, n kò sì lè búra sí i. Bó bá jẹ́ pé mo ṣì í, èmi ni mo pa á. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí nílé-iṣẹ́ lọ.

Aládùúgbò kan tó ní ọkọ̀ àtijọ́ fi ìwọ̀nba epo tó tọ́jú gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà olóhùn-gooro yẹn la bá lẹ́nu iṣẹ́. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìpéǹpéjú Àlájà sókè, ó fọwọ́ kan òógùn ọrùn rẹ̀.

"Kí ni wọ́n jẹ lónìí?"

Ọmọ náà ní, "Wọn ò jẹ nǹkan kan, mà. Ewúro nìkan."

"Oògùn ńkọ́?"

Èmi ni mo dáhùn. "Wọ́n lò ó, Sístà. Àwa méjèèjì la lò ó. Ààwẹ̀ la ń gbà, nítorí bísíkíìtì tí a jẹ lánàá."

Ó gún Àlájà lọ́mọ-ìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan pépà kékeré kan, ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó sì figbe ta. "Yéè! Ṣúgà ti tán lára màmá yìí! Ẹ bá mi wá ṣúgà, kíá!" Omi aláṣúgà tí wọ́n ń fà sí iṣan ti tán nínú wọ́ọ̀dù, bí gbogbo nǹkan ṣe ń tán láyé ọjọ́un. Ó yíjú sí ọmọbìnrin Àlájà, ó ní kó sáré lọ rà á ní ilé oògùn tó wà níwájú géètì. Ọmọ náà dúró gbagidi, ó ń wo ẹnu nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ṣúgà kẹ̀, mà?" Ó wá wo èmi. Mi ò ní gbàgbé ojú yẹn láé. Ó yí padà, ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń sunkún bó ṣe ń lọ. Nọ́ọ̀sì ò dúró dè é. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú agolo tí ó ń kó ṣúgà tíì rẹ̀ sí jáde, ó po díẹ̀ mọ́ omi, ó ń fi ìka rẹ̀ pa á sí èrìgì Àlájà, díẹ̀díẹ̀, ó ń pè é ní ìyá mi, ìyá mi.

Wọ́n ti fa omi tí ọmọ rẹ̀ rà bọ̀ sí i lára fúngbà díẹ̀ kí Àlájà tó mi kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó wo òrùlé, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Ó fi ahọ́n lá ètè, ó sì fajú ro.

"Ṣé wọ́n ti pe Mọ̀gàríbì?"

Mo ní, "Rárá o, Àlájà."

"Ta ló wá fi nǹkan dídùn sí mi lẹ́nu? Ẹ ti bà mí láàwẹ̀ jẹ́!"

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Ọmọ rẹ̀ dorí kodò sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màmá, oògùn yẹn ń lé ṣúgà jáde lára. Bí ẹ bá lò ó tí ẹ ò jẹun, èyí tó yẹ kó kù fún ọpọlọ yín náà á lọ. Ó fẹ́ẹ̀ gbé yín lọ lónìí."

Àlájà ní, "Gbèsè àná ni mo ń san."

"Kò sí gbèsè kankan. Èyí tí ẹ jẹ lánàá ti kọjá. Bí ẹ bá ṣìṣe, oúnjẹ tó kàn ni kí ẹ jẹ bó ṣe yẹ, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, kí ẹ sì wá sọ fún wa."

Àlájà gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, mo mọ̀ nípa ohùn rẹ̀. "Kí n wá sọ fún ta ni? Fún ìwọ? Kí o lè ní kí n lọ kú sílé?"

Nọ́ọ̀sì bojú wo agolo ṣúgà tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé á gbaná jẹ. Kàkà bẹ́ẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé ẹ̀rù ló máa jẹ́ kí ẹ ṣọ́ra ni." Àlájà ní, "Ẹ̀rù náà ló jẹ́ kí n gbààwẹ̀." Láti ọjọ́ náà, ohùn obìnrin yẹn ò dé ojú títì mọ́. Bí ìtọ̀ ẹnì kan bá yí àwọ̀ padà, á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Ẹ jókòó, ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún mi."

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu dòní kì í ṣe pé a jẹ bísíkíìtì. Ta ni kò ní jẹ bísíkíìtì nínú òjò, ní ìgbà tí nǹkan le? Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bísíkíìtì ò pa wá, ìgbàlà tí a wá fún ara wa lẹ́yìn rẹ̀ ló fẹ́ pa wá. A rò pé ara ń di èèyàn sínú, pé ó ń dúró kí a wá tọrọ àforíjì. Ara ò mọ̀ ju oúnjẹ tó bọ́ sí i lọ.

Àìsàn náà ò lọ, a sì tún ṣìṣe, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá kan, Àlájà jẹ dòdò débi pé ó ní kí n má wo òun. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ kaná, ó lo oògùn rẹ̀, ó ní kí n wá bá òun rìn dé ìdí irin àti bọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Fèrèsé ẹ̀yìn ṣì ń ṣí lẹ́yìn Àsùbáà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti yàtọ̀. "Ará Èkìtì! Ṣé o ti jẹun?" Bí mo bá ní mi ò tíì jẹ, á ní kí n má fọwọ́ kan oògùn, á sì dúró sí fèrèsé títí yóò fi gbọ́ ìró síbí lára àwo.

Àlájà ti lọ sí ọ̀run. Ọjọ́ ogbó ló lọ, kì í ṣe ọjọ́ ṣúgà. Èmi náà ti kúrò ní Agége, ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ti di ilé ìkẹ́rù-sí, òórùn náà ò sì sí mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni tó fọ́ ìgò mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n sọ fún un lọ́dún kan báyìí pé àtọ̀gbẹ ti mú òun náà. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni mo máa ń pè é lórí fóònù. Láìpẹ́ yìí, ó pẹ́ kí ó tó gbé e, nígbà tó sì gbé e, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa bínú sí mi. Mo jẹ kéèkì lánàá, mo jẹ ẹ́ gan-an ni."

Mo ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè àná. Ṣé o ti jẹun?"